Itọ́ Ẹnì Kan, Àṣírí Gbogbo Ẹbí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àyẹ̀wò DNA Tí À Ń Ṣe Láti Ilé

Kì í ṣe dókítà nìkan ló ń ní kéèyàn lọ ṣe àyẹ̀wò DNA mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi 23andMe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, àti AncestryDNA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń fi ike kékeré ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá sanwó. Onítọ̀hún á tutọ́ sínú rẹ̀, á dá a padà, á sì máa retí èsì lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn máa ń béèrè kó tó tutọ́ náà, àti àwọn tó máa ń gbàgbé láti béèrè, ni a dáhùn níbí.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń fi itọ́ náà ṣe?

Ìdáhùn: Sẹ́ẹ̀lì tó bọ́ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà nínú itọ́, DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òbí wa, sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹ óò tutọ́ títí yóò fi dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára ike náà (ìfófòó kò sí nínú òǹkà, èyí ló ń jẹ́ kó pẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ), ẹ óò sì dé e. Omi kan á ṣàn wọ inú itọ́ náà tí kò ní jẹ́ kí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ní láàbù, wọn kì í ka gbogbo DNA yín tán. DNA èèyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 600 sí ẹgbẹ̀rún 700 ojú ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń yàtọ̀ síra ni wọ́n ń wò. Kò tó lẹ́tà kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé òǹkà yìí, a óò padà sí i.

Ìbéèrè: Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó wà, kò sì kéré. Ẹni tí wọ́n gbà tọ́ láti kékeré, tí kò mọ ẹni tó bí i, lè rí orúkọ ìbátan rẹ̀ lórí ìkànnì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò máa ń ní nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún DNA wọn ní àpapọ̀, ẹ̀rọ sì lè mọ̀ ọ́n. Tọkọtaya tó ń gbèrò ọmọ lè mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì gbé jíìnì (ìyẹn apá kan lára DNA) àrùn kan náà sára láìjẹ́ pé àrùn ọ̀hún ń ṣe wọ́n, bí irú ti ẹ̀jẹ̀ AS.

Ti ìdá ìran tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, pé apá kan yín wá láti ibí, apá kan láti ọ̀hún, ìṣirò lásán ni. DNA àwọn tó ti wà lákọsílẹ̀ wọn ni wọ́n ń fi wé tiyín, tí àkọsílẹ̀ náà bá sì pọ̀ sí i, èsì yín lè yí padà láìjẹ́ pé ẹ tún tutọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn kò rí ewu jẹjẹrẹ lára mi. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ rántí òǹkà tí a ní kí ẹ má gbàgbé: díẹ̀ ni wọ́n ń wò lára DNA yín. Ẹ wo jíìnì BRCA1 àti BRCA2: bí wọ́n bá ní àléébù, ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin á ga gan-an. Ní 2018, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fún 23andMe láyè láti máa sọ èsì rẹ̀ fún oníbàárà. Àléébù 3 péré ni àyẹ̀wò ọ̀hún ń wá nígbà náà, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn Júù Ashkenazi (àwọn Júù tí ìran wọn wá láti Yúróòpù), bẹ́ẹ̀ àwọn àléébù tí onímọ̀ ti rí lára jíìnì méjèèjì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Obìnrin tí kì í ṣe Júù, tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀, lè gba èsì pé wọn kò rí nǹkan kan, kí àléébù sì wà níbi tí wọn kò tilẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo kò lè ní kò sí nílé.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan máa ń gba fáìlì DNA wọn jáde, wọ́n á gbé e lọ sí ìkànnì mìíràn tó máa túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí láàbù ìṣègùn kan tún irú àwọn àléébù tí wọ́n bá nínú fáìlì bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2018, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sí lára ẹni tó ni fáìlì rárá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà kí wọ́n gé ọmú òun, láàbù ìṣègùn ni kó ti kọ́kọ́ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ìbéèrè: Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣe é, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin àti ọmọ ìyá yín tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà ń pín nǹkan bí ìdajì DNA. Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló tẹ «mo gbà», àmọ́ ohun tó fi lélẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tiyín wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ tí ẹ kò tíì bí náà sì wà níbẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1970 ni ọlọ́pàá ti ń wá apànìyàn kan ní Kalifóníà tí wọ́n wá ń pè ní Golden State Killer. DNA rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé DNA náà sórí GEDmatch, ìkànnì tí àwọn tó ń tọpa ìran wọn ń lò, ìbátan tó jìnnà ni wọ́n sì rí. Láti ara ìwọ̀nyí ni wọ́n ti ń tọ ẹbí náà lẹ́ka-lẹ́ka títí wọ́n fi kan Joseph James DeAngelo, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹrin 2018, ó sì fẹnu ara rẹ̀ gbà ní 2020 pé òun jẹ̀bi. Òun kò tutọ́ sínú ike kankan. Inú èèyàn dùn pé ọwọ́ tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un kò mọ ọ̀daràn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀.

Àṣírí ilé náà ń tú lọ́nà yìí. Ẹni tó ṣe é fún eré lè ṣí fóònù rẹ̀ kó rí ọmọ bàbá rẹ̀ tí kò gbúròó rẹ̀ rí, tàbí kó rí i pé bàbá tó tọ́ òun kọ́ ló bí òun.

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kí ló tún ń bani lẹ́rù?

Ìdáhùn: Ní oṣù Kẹwàá 2023, 23andMe kéde pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Pásíwọ́ọ̀dù tí àwọn oníbàárà ti lò níbòmíràn, tó sì ti bọ́ sọ́wọ́ olè, ni wọ́n fi ṣí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 14 àkáǹtì. Ṣùgbọ́n nítorí pé olúkúlùkù lè rí ìbátan rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa èèyàn bíi mílíọ̀nù 6.9 ló bá a lọ. Ẹni tó fi pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ pamọ́ dáadáa kò bọ́ níbẹ̀ bí ìbátan rẹ̀ bá ṣàìbìkítà. Ó sì rọrùn láti yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ta ló fẹ́ yí DNA rẹ̀ padà?

Ní oṣù Kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà lọ sílé-ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Àkọsílẹ̀ DNA àwọn oníbàárà bíi mílíọ̀nù 15 wà lára ohun tí wọ́n gbé sọ́jà. Àjọ TTAM, tí Anne Wojcicki tó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ 23andMe ń darí, ló rà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là. Èèyàn lè ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló bọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó tutọ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní ìbò nínú ẹni tó rà á.

Ìbéèrè: Ṣé òfin kò dáàbò bò mí?

Ìdáhùn: Ó sinmi lé ibi tí ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ti 2008 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tàbí adójútòfò ìlera fi DNA yín ṣe yín ní aburú, ṣùgbọ́n kò kan adójútòfò ẹ̀mí. Òfin ti Kánádà, ti 2017, gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Faransé, ẹni tó ra àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ló ń rú òfin.

Ìbéèrè: Mo ti tutọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ wọ àkáǹtì yín, kí ẹ pa ibi tó ń fi yín han àwọn ìbátan. Ẹ yọ ìyọ̀ǹda tí ẹ fún wọn láti fi DNA yín ṣe ìwádìí, kí ẹ sì ní kí wọ́n da itọ́ tó kù nù. Ọ̀tọ̀ ni èyí sí pípa àkáǹtì rẹ́, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì yín, ẹ gbà á kí ẹ tó pa àkáǹtì náà rẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ti lò ó fún kò ṣeé gbà padà. Bí ẹ kò bá tíì tutọ́, ẹ pe ọmọ ìyá yín kí ẹ tó ṣí ike náà.