Gé e kúrò, lẹ òmíràn mọ́ ọn: bí Cicero ṣe kọ àwọn ìwé ọgbọ́n rẹ̀

Lóṣù keje ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, ará Róòmù àtijọ́, wọkọ̀ ojú omi gba gúúsù Ítálì lọ. Ibi tó ti ń tún ìwé rẹ̀ àtijọ́ kan kà ni àṣìṣe ti hàn sí i: ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó fi sí ìwé tuntun tó kọ lórí ògo, ó ti lò ó rí nínú ìwé tó ń kà lọ́wọ́ yẹn. Ó ní àkájọ kan tó kó àwọn ọ̀rọ̀ ìṣáájú jọ sí. Bó bá ti parí ìwé, á lọ ṣa ọ̀kan níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbàgbé pé òun ti mú èyí. Ó kọ òmíràn lójú ẹsẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Atticus ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kó gé ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kó lẹ èyí mọ́ ọn.

Ọ̀bẹ gidi àti àtè gidi ló ń wí. Papírọ́ọ̀sì, koríko etí odò Náílì, ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Wọ́n á la pòròpórò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tò ó ní òòró, tò ó ní ìbú lé e lórí, wọ́n á lù ú pọ̀ di abala, wọ́n á sì lẹ abala mọ́ abala títí yóò fi di àkájọ. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọtí kíkan díẹ̀ pò ni àtè wọn. Àmọ́ ẹ̀dà tí ẹlòmíràn bá ti dà kọ lọ, ó bọ́ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ni wọ́n mọ Cicero sí. Ó ṣe kọ́ńsù, ipò tó ga jù ní Róòmù, lọ́dún 63 ṣáájú ìbí Jésù (sísàlẹ̀ ni wọ́n ń ka ọdún wọ̀nyí: 45 ṣáájú 44). Nígbà tí Julius Caesar wá kó gbogbo agbára sọ́wọ́, iṣẹ́ ẹnu tán. Lóṣù kejì ọdún 45, Tullia ọmọbìnrin rẹ̀ kú lẹ́yìn ìbímọ. Ó lọ sílé Atticus, ó ka gbogbo ohun tí àwọn Gíríìkì kọ lórí ọ̀fọ̀, kò tù ú nínú. Ló bá kọ ìwé ìtùnú sí ara rẹ̀. Láti ìgbà náà títí dé ìparí ọdún 44, ìwé tó kọ lé ní mẹ́wàá, ti ojúṣe, ti ọ̀rẹ́ àti ti ogbó sì wà lára wọn. Ìwé tó kọ lórí òfin ní tirẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méje ṣáájú. Apá mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ló dé ọwọ́ wa.

Ohun tó jẹ́ kó yá tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń yá èrò lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún Atticus pé àdàkọ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ nìkan ni tòun. Ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ìwé ojúṣe, tó kọ sí Marcus ọmọ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Átẹ́nì, jẹ́ apá mẹ́ta: ohun tó tọ́, ohun tó ń mérè wá, àti ìgbà tí méjèèjì bá ń jà. Panaetius, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ará erékùṣù Rhodes, ló tẹ̀ lé nínú méjì àkọ́kọ́. Panaetius ṣèlérí ẹ̀kẹta, ó lo ọgbọ̀n ọdún sí i láyé, kò kọ ọ́. Cicero ló dá ìyẹn ṣe, ibẹ̀ ló sì dùn jù.

Àpẹẹrẹ kan níbẹ̀ nìyí: oníṣòwò kan kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà wá sí Rhodes lásìkò ìyàn. Ó ti rí i lójú òkun pé àwọn ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kó sọ, àbí kó dákẹ́, kó tà á lọ́wọ̀n-ọ́n gógó? Diogenes ará Bábílónì, ọlọ́gbọ́n kan, ní bó bá ti sọ àbùkù ọjà tí òfin ní kó sọ, ó bùṣe. Antipater ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní rárá, ohun tí olùtajà mọ̀ ni kí olùrajà mọ̀. Cicero gbè sẹ́yìn Antipater: bó bá jẹ́ torí èrè rẹ lo ṣe dákẹ́ fún ẹni tó yẹ kó mọ̀, o fi pamọ́ ni.

Ìwé ogbó ti ṣáájú ìyẹn. Cicero jẹ́ ẹni ọdún 62 nígbà náà, Atticus 65. Ẹnu Cato, olóṣèlú Róòmù tó ti kú tipẹ́, ló fi ọ̀rọ̀ sí, bíi baba ẹni ọdún 84. Cato gidi kò fẹ́ràn nǹkan Gíríìkì; Cicero mọ̀ pé wọ́n á bi òun ìdí tí baba náà fi ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì, ló bá ní baba náà kọ́ Gíríìkì lójú ogbó. Ẹ̀sùn mẹ́rin ni wọ́n fi kan ogbó níbẹ̀: ó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó ń sọ ara di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó ń gba adùn, kò sì jìnnà síkú. Lórí ti àkọ́kọ́, Cato ní ká wo inú ọkọ̀: àwọn ọ̀dọ́ ń gun òpó, wọ́n ń sá káàkiri, wọ́n ń gbọ́n omi, àgbà jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ìtọ́kọ̀.

Nínú ìwé ọ̀rẹ́, Laelius, olóṣèlú Róòmù kan, ń bá ọkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ikú Scipio ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́dún 129. Òfin tó fi lélẹ̀ ni pé kí ọ̀rẹ́ má bẹ ọ̀rẹ́ ní ohun ìtìjú, bó bá sì bẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bẹ̀ má ṣe é. Ní ìlú tí àwọn ọ̀rẹ́ Caesar ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀bẹ gún Caesar pa, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Wọ́n pa Cicero náà lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 43. Ìwé ògo tí Atticus gé tó lẹ̀ kò sí mọ́. Ti ojúṣe ni Fust àti Schöffer, àwọn atẹ̀wé, tẹ̀ ní Mainz, ní Jámánì, lọ́dún 1465 lẹ́yìn ìbí Jésù, lára àwọn ìwé Látìn àtijọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.