Ìmúra ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: kì í ṣe aṣọ ìgbafẹ́, kì í ṣe aṣọ yẹpẹrẹ

Nínú gbogbo àwọn tó ń túmọ̀ "business casual" sí Yorùbá, ẹni tó pè é ní "aṣọ ìgbafẹ́ olókòwò" ló bí mi nínú jù. Inú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ní kí n bá wọn yẹ̀ wò ni mo ti bá a pàdé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú inú wo oníṣòwò kan tó ti tajà tán, tó bọ́ bàtà, tó jókòó sábẹ́ igi, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Aṣọ tó wà lọ́rùn irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ni aṣọ ìgbafẹ́ olókòwò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń wí kọ́ nìyẹn rárá. "Business casual" ni wọ́n ń wí, ìyẹn ìmúra tí wọ́n ń retí lára òṣìṣẹ́ níbi tí wọn ò ti fi kóòtù àti táì ṣe dandan mọ́.

Èmi ń pè é ní ìmúra ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Màá sọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àwọn tó ti dúró sójú ọ̀nà kúrò.

Ọ̀rọ̀ òkòwò ò sí níbẹ̀. Olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, ẹni tó ń ṣírò owó oṣù, gbogbo wọn ló lè múra bẹ́ẹ̀ láì tà, láì rà. Ibi iṣẹ́ ni "business" inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń tọ́ka sí. Ẹni tó kọ "olókòwò" kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tó rí, ó sì pa ìwé dé.

Èkejì, "casual", ló wá kó wàhálà jù. Mo ti rí "aṣọ àìbìkítà". Mo ti fi ojú mi méjèèjì rí "aṣọ yẹpẹrẹ". Ọ̀gá wo ló máa kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kó wọ aṣọ yẹpẹrẹ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì? Àwọn mìíràn gbé e bó ṣe wà, "bísínẹ́ẹ̀sì káṣúà", wọ́n fi àmì ohùn dé e lórí bíi fìlà, wọ́n ní ó ti di Yorùbá. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. Kóòtù, táì, ṣẹ́ẹ̀tì, jíìnsì, àyálò ni gbogbo wọn, mo sì ń lò wọ́n láìtijú, nítorí ohun tó ṣeé dì mú ni wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ, tí wọ́n bá na ohun náà sí i, ó yé e. Ta ló lè na káṣúà sókè kí a wò ó? Ìdájọ́ ni, kì í ṣe ẹrù. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí a ṣe kọ ọ́ ní Yorùbá kò ní là á lójú.

Ọ̀tá mi gidi ni "ìmúra ṣákálá". Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ èdè jù mí lọ ló ń jà fún un, a sì ti takùn ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní aṣọ ṣákálá ni aráyé ń pe aṣọ tí kì í ṣe ti òde. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní, "Aṣọ ṣákálá ni mo wọ̀ lọ," kò sẹ́ni tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ṣákálá ń ṣe nínú gbólóhùn: ó ń sọ pé nǹkan kan wà lásán, kò sí ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìmúra tí à ń wí yìí kò sì sí lásán. Ó ní ààlà lókè, ó ní ààlà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ọ̀kan nínú méjèèjì á ti rí i lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ìdí tí mo fi mú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe nǹkan níwọ̀ntúnwọ̀nsì ń bìkítà gidi. Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tún un wọ̀n, kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù. Ó tún dùn mọ́ mi pé wíwọ̀n àti wíwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dún létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí níwájú onímọ̀ èdè.

Ẹ rántí bí a ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n wa ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n ní orí àbúrò rí bí àgbọn. Àbúrò fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ti yín ná!" Ẹ̀rín ń bẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú", gbogbo ọ̀rọ̀ ìtẹríba ti tú ká. Ṣùgbọ́n "ẹ" kò di "o". Lọ́jọ́ tí àbúrò bá ní, "Wo tìẹ ná," ẹ̀rín á gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó dáa. Kóòtù àti táì ni gbólóhùn tí "ẹ jọ̀wọ́, sà" wà níwájú rẹ̀, tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tí à ń wọ̀ nílé ni "o" tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́. Ìmúra ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni àwàdà tí "ẹ" ṣì wà nínú rẹ̀. Táì ti lọ, kọ́là ṣì wà. Ṣòkòtò kò ní láti bá kóòtù mu, àmọ́ kò gbọdọ̀ ya lórúnkún. Bàtà lè dẹ̀, kó má ṣáà jẹ́ sálúbàtà. Ní ti jíìnsì, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó gbà. Àwọn kan tún máa ń ya ẹ̀yà mẹ́ta mẹ́rin sọ́tọ̀, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń ta aṣọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ.

Mo dárúkọ àwọn tó ń ta aṣọ nítorí pé ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì rò pé àìbìkítà ló bí i, kó wá gbọ́. Ní Hawaii, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1962, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe aṣọ níbẹ̀ pín ṣẹ́ẹ̀tì aloha, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀tì alárànbarà ti ibẹ̀, méjì méjì fún àwọn aṣòfin, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ̀ ọ́ nígbà ooru. Nígbà tó fi máa di 1966, ọjọ́ Ẹtì ti di ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 1992, Levi Strauss, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe jíìnsì, tó sì ti ń ta ṣòkòtò Dockers láti 1986, fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí nǹkan bí 25,000 ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó fi irú ìmúra tó bá ọjọ́ Ẹtì mu hàn wọ́n. Àwọn ọ̀gá ti gbà kí táì lọ, wọn ò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ìlọ náà dúró sí. Levi Strauss bá wọn fa ìlà sí i, ṣòkòtò tirẹ̀ sì bọ́ sí àárín ìlà náà gẹ́lẹ́. IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, dẹ okùn tirẹ̀ lọ́dún 1995.

Ti Jàpáàn ló wù mí jù. Lọ́dún 2005, ìjọba ibẹ̀ dá Cool Biz sílẹ̀ láti dín iná tí ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ kù nígbà ooru: kí ọ́fíìsì má tutù ju ìwọ̀n 28 Selsius lọ, kí òṣìṣẹ́ bọ́ táì, kó bọ́ kóòtù. Ẹ ò rí i? Orí ìwọ̀n gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí ni, èmi ì bá ti fún wọn lórúkọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń tẹ̀ lé e, "dress code", èyí tí àwọn kan ń pè ní "òfin ìwọṣọ", tí àwọn mìíràn ń pè ní "kóòdù aṣọ" bí ẹni pé àṣírí ogun ló wà nínú búláòsì. Ìlànà ìmúra ni. Tí wọ́n bá ní kí a dé àkẹ́tẹ̀ líle níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, òfin nìyẹn, nítorí bíríkì kò mọ ọ̀gá. Èyí tó kù, ìlànà ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Chuck Schumer, tó jẹ́ olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà, ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà má fi ọ̀rọ̀ aṣọ dá sẹ́nétọ̀ lọ́nà mọ́. Àṣé kò tilẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìṣe lásán ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé. Kí oṣù náà tó parí, àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kóòtù, táì, ṣòkòtò gígùn fún ọkùnrin. Títí di ọjọ́ yẹn, ìlànà ni. Láti ọjọ́ yẹn, òfin.

Mary Barra mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tó ń ṣe olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gba ìlànà ìmúra olójú ewé mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn, ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré rọ́pò rẹ̀: "Dress appropriately." Ní Yorùbá: "Múra bó ṣe yẹ." Ọ̀gá kan fapá jánú. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun máa ń bá àwọn aláṣẹ ìjọba ṣèpàdé láìròtẹ́lẹ̀, báwo ni jíìnsì ṣe máa dé iwájú wọn? Barra ní kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n pinnu pé àwọn tó bá ń wọ jíìnsì á máa fi ṣòkòtò gidi kan pa mọ́ sí ọ́fíìsì. Ṣòkòtò tí wọ́n fi pa mọ́ yẹn gan-an ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí mò ń wí.

Ọ̀rẹ́ mi oníṣákálá ka gbogbo èyí, ó ní ó dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù fún ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní kó ka sílébù. "Ìmúra ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" jẹ́ mẹ́jọ. "Bísínẹ́ẹ̀sì káṣúà" náà jẹ́ mẹ́jọ géérégé. Ó wá ka "ìmúra ṣákálá". Mẹ́fà. N kò tíì dá a lóhùn.