Ta ló kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì sórí irin? Kì í ṣe Stephenson

Bi ọmọ iléèwé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù pé ta ló ṣe rélùwéè àkọ́kọ́. Kò ní í ronú kó tó dáhùn: George Stephenson. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ bàbá rẹ̀ náà. Àṣìṣe ni, àmọ́ ó nídìí.

Ní 21 oṣù Kejì, 1804, Richard Trevithick gbé ẹ́ńjìnì tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ sórí irin ní Penydarren, ní ilẹ̀ Wales. Ó fa irin tọ́ọ̀nù 10 pẹ̀lú nǹkan bí èèyàn 70, ó sì lé ní máìlì 9 tó rìn. Ọmọ ọdún 22 ni Stephenson nígbà náà. Rocket, ẹ́ńjìnì iléeṣẹ́ Stephenson tí gbogbo wa ń rí nínú àwòrán, 1829 ló tó gba ìdíje ní Rainhill, ní ilẹ̀ England.

Kí ló wá dé tí orúkọ Trevithick kò ràn? Ojú irin ló dà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 5, irin tí wọ́n yọ́ dà fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló sì ń tẹ̀. Ẹ wo awo irin inú ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Òkè-Àjẹ́: tó bá já bọ́ sórí símẹ́ńtì, ńṣe ló máa sán. Àdá tí alágbẹ̀dẹ rọ, tẹ́ ẹ bá gbá a mọ́ òkúta, etí rẹ̀ á ká ni, kò ní í ṣẹ́. Irin dídà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́ láàárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fà ya. Bẹ́ẹ̀ ni ti Penydarren ṣe ń kán, tí wọ́n fi dá ẹṣin padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1820, John Birkinshaw fi rólà tẹ irin rírọ di ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 15 ní Bedlington. Irin dídà kì í sábà ju 4 lọ, nítorí náà oríkèé ojú irin dín kù gan-an. Stephenson fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú irin dídà kan tóun àti William Losh jọ gba àṣẹ lé lórí, síbẹ̀ ó pa ọjà tirẹ̀ tì, ó ní ti Birkinshaw ni kí wọ́n rà fún ọ̀nà Stockton sí Darlington, tó ṣí ní 1825. (Losh bínú gan-an. Oníṣòwò wo ni kò ní í bínú?)

Ohun tó kù tí a ń bá Stephenson lò ni ìbú ojú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 8 ló bá lójú irin tí wọ́n fi ń kó èédú. Wọ́n fi ìdajì íńṣì kún un, ó di mìlímítà 1,435. Èyí ni wọ́n tẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tó ṣí ní 2021. Ti àtijọ́, tó ti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901 láì ya Ìjẹ̀bú, 1,067 ni. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lè gun ti tuntun, mìlímítà 368 ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi sún mọ́ra jù.