Ìṣúná àjùmọ̀ṣe: nígbà tí ará àdúgbò bá ń pín owó ìjọba

Ìṣúná àjùmọ̀ṣe ni ètò tí ará ìlú tàbí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń pinnu fúnra wọn ohun tí wọn yóò fi apá kan nínú owó àpapọ̀ ṣe. Ìpinnu ni mo wí o, n kò sọ ìmọ̀ràn. Ìpàdé tí alága káńsù ń pe èèyàn sí, tí wọ́n á ro ẹjọ́ kòtò àti iná fún un, tí yóò mi orí, tí kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ, kò sí lára rẹ̀.

Porto Alegre ní gúúsù Bràsíl ni ètò yìí ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. (Àwọn olórìṣà ìlú náà, tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn wọn ní Batuque, ṣì ń ka ara wọn mọ́ Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà ibẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.) Lọ́dún 1989, Olívio Dutra ti Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Òṣìṣẹ́ di olórí ìlú, ó sì bá àpò ìjọba lófìfo: owó oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó tó ń wọlé mì. Wọ́n ní kí aráàlú wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n sọ ọ́, owó kò sí láti fi ṣe é. Ní 1990, àwọn tó wá sí ìpàdé kò pé 1,000. Ìjọba wá ṣàtúnṣe sí owó orí ilé àti ilẹ̀ kí olówó lè san ju tálákà lọ, òfin ìpìlẹ̀ Bràsíl ti 1988 náà sì ti fi kún ìpín àwọn ìjọba ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú títì, èrò pọ̀ sí i: ní 1992 wọ́n ti lé ní 7,000. Àwọn tó ń ròyìn ètò yìí sábà máa ń fo apá yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Wọ́n pín ìlú sí agbègbè 16. Ará agbègbè lè wá sí ìpàdé, kó sọ̀rọ̀, kó sì dìbò. Agbègbè kọ̀ọ̀kan á to ohun tó jẹ ẹ́ lógún tẹ̀léra, á yan aṣojú, á sì rán èèyàn méjì lọ sí ìgbìmọ̀ ìṣúná ti gbogbo ìlú. Àwọn aṣojú a máa wọ bọ́ọ̀sì yí ká láti fojú ara wọn rí ohun tí àdúgbò mìíràn ń bèèrè. Ó ṣòro kéèyàn máa jà fún ọ̀dà ojú títì tirẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rí ibi tí omi ẹ̀gbin ti ń ṣàn lójúde ẹlòmíràn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìṣirò. Owó kì í bá ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè lọ. Máàkì ló ń pín in. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi: ipò wo ni àwọn ará agbègbè fi iṣẹ́ yìí sí? Báwo ni àìní wọn ṣe tó? Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 1 dé 4, wọ́n á sì sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè náà ti wúwo tó. Ẹ jẹ́ kí n fi náírà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ₦55 mílíọ̀nù wà fún títì, agbègbè méjì ló ń fẹ́ ẹ, ìwọ̀n ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ 5, 4 àti 2. Agbègbè kìíní fi títì ṣe àkọ́kọ́ (4), ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ gan-an (4), àmọ́ èrò ibẹ̀ kò pọ̀ (1): 20, 16 àti 2, àpapọ̀ 38. Èkejì fi títì ṣe ìkẹrin (1), púpọ̀ ọ̀nà rẹ̀ ló ti lọ́dà (1), èrò rẹ̀ pọ̀ (4): 5, 4 àti 8, àpapọ̀ 17. Máàkì àwọn méjèèjì para pọ̀ jẹ́ 55, nítorí náà máàkì kan di ₦1 mílíọ̀nù: agbègbè kìíní gba ₦38 mílíọ̀nù, èkejì gba ₦17 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ da owó síbi tó wù ú ní láti kọ́kọ́ yí ìwọ̀n náà, gbangba níwájú ìgbìmọ̀ sì ni wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí sínú ìwé pẹlẹbẹ, kí ará àdúgbò lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ti ń lọ. Láàárín 1989 sí 1996, àwọn tó ní páìpù omi ẹ̀gbin ti ìjọba gòkè láti ìdá 46 sí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ètò náà ní ààlà. Owó iṣẹ́ tuntun nìkan ni aráàlú ń pín. Owó oṣù kò sí níbẹ̀, àwọn aṣòfin ìlú ló sì ń buwọ́ lu ìṣúná nígbẹ̀yìn. Kò sí òfin tó dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ pàdánù ìbò ní 2004, agbára ètò náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dá a dúró ní 2017. Nígbà yẹn ó ti dé Chicago láti 2009, àti Paris láti 2014.

Nínú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tiwa, a ti ń dáwó ra tiransífọ́mà, a ń dáwó ṣe géètì àti gọ́tà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé alága ló sábà máa ń dédé kéde iye àti iṣẹ́. Kí akápò kọ́kọ́ ka iye tó wà lápò sókè. Kí ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí máàkì kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́, torí tí wọ́n bá ti mọ ojúde ẹni tí gọ́tà yóò gbà, ìwọ̀n á di ìjà. Kí wọ́n lẹ orúkọ iṣẹ́, iye owó àti ọjọ́ tí yóò parí mọ́ ara géètì. Ọ̀rọ̀ ayálégbé ló máa ń fa awuyewuye: bí wọ́n bá ń gba owó ọlọ́dẹ lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù, mi ò rí ìdí tí wọn kò fi ní dìbò.