Báyófíìmù: ìdí tí kẹ́ẹ̀gì omi fi ń yọ̀ lẹ́yìn tí a ti da bílíìṣì sí i

Ẹ ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù tó ti ń gba omi láti oṣù mélòó kan, kí ẹ fi ìka ra ara rẹ̀ nínú. Bó bá ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, báyófíìmù lọwọ́ yín bà yẹn. Omi inú rẹ̀ lè mọ́ gaara, kó má sì rùn rárá. Bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí, ló kóra jọ sára ike, tí wọ́n tú oje tó ń fà, tí wọ́n sì fi bora. Ẹni tó bá mọ ògán á tètè lóye rẹ̀: ikán inú ògán kò tó yẹ̀pẹ̀ tó fi kọ́ ọ. Bí a bá gbẹ gbogbo omi kúrò lára báyófíìmù, bakitéríà fúnra wọn kì í sábà pé ìdá 10 nínú 100 ohun tó kù. Oje yẹn ni gbogbo ìyókù.

Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin, kò ní gba omi ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí èérún oúnjẹ inú omi tó bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ọn. Orí èérún yìí ni bakitéríà ń bà lé. Ìbàlé àkọ́kọ́ kò lágbára. Bí ẹ bá ṣan kẹ́ẹ̀gì dáadáa lásìkò yìí, ọ̀pọ̀ wọn á bá omi lọ. Tó bá di wákàtí mélòó kan, wọ́n á fi irun tín-ín-rín ara wọn di ike mú, wọn ò ní lo ìrù tí wọ́n fi ń wẹ̀ mọ́, wọ́n á wá máa tú oje. Ṣúgà tó so kọ́ra gígùn, purotéènì, àti DNA (èròjà àjogúnbá) tó jáde lára àwọn tó ti kú ló wà nínú oje náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti nípọn, á sì ti ní ihò tóóró tí omi ń gbà gbé oúnjẹ wọlé. Ooru máa ń mú un yá, pàápàá nínú táǹkì tó dúró sójú oòrùn ní oṣù Kejì àti Ìkẹta.

Oje bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Irú tó bá ti wọ̀ dáadáa máa ń fà bí ẹ bá fi ìka méjì gbé e. Bacillus subtilis, bakitéríà tó ń sọ hóró irúgbá di irú, ló tú u, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Oje kọ́ ni ọ̀tá wa. Ẹni tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀ ni, bíi E. coli, bakitéríà tó ń ti inú ìgbẹ́ wá.

Ògán yìí náà a máa tú. Bí oúnjẹ bá tán, tàbí tí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn bakitéríà á ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ kẹ́míkà, wọ́n á tú èròjà tó ń gé oje, àwọn kan á tún yọ ìrù, wọ́n á wẹ̀ lọ wá ibòmíràn. Omi tó ń já wọlé pẹ̀lú agbára náà lè ya kélekèle lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi táǹkì kan náà fi lè dára lónìí, kó má dára lọ́la.

Kí ló dé tí bílíìṣì nìkan kò fi tó? Oje ni kilórínì, èròjà apakòkòrò inú bílíìṣì, kọ́kọ́ ń bá jà, ibẹ̀ ló sì máa ń tán sí kó tó dé inú lọ́hùn-ún. Antonie van Leeuwenhoek, ará Nẹ́dálándì tó máa ń fi awò wo àwọn kòkòrò tíntìntín, ti rí irú rẹ̀ ní 1683: ọtí kíkan (fíníígà) tó fi fọ eyín rẹ̀ pa kìkì àwọn kòkòrò tó wà lójú ìta ìdọ̀tí eyín. Ohun tí pákò fi sàn jù nìyẹn, nítorí ó ń ha á kúrò. Oògùn apakòkòrò tí aláìsàn ń lò (antibayótíìkì) náà ń bá wàhálà yìí pàdé: bakitéríà inú báyófíìmù lè fara dà á ní ìlọ́po 10 sí 1,000 ju èyí tó ń léfòó lọ, torí àwọn kan lára wọn ti sùn sínú lọ́hùn-ún, oògùn tó ń pa èyí tó ń dàgbà kì í sì í rí wọn mú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ha oje kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da yanrìn àti ọṣẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á mì í. Ó ń ha á lóòótọ́, ṣùgbọ́n yanrìn líle ń fá ike, ojú ibi tó fá yẹn sì di ibùba tuntun. Búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ da ìrẹsì gbígbẹ, ọṣẹ àti lítà kan omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ ṣàn án títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Ẹ wá rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, kí ẹ fi bílíìṣì aláìlóòórùn-dídùn tó ní kilórínì ìdá 3.5 nínú 100 sí i, 30 mílílítà. Ife kékeré orí ìgò oògùn ikọ́ á wọ̀n ọ́n. Táǹkì 1,000 lítà á gba lítà kan àtààbọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìwòyí ọ̀la, ẹ dà á nù, ẹ ṣàn án, ẹ dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Ẹ má ṣe mu omi ìfọ̀ yìí o: omi mímu tó mọ́ gaara kì í gbà ju mílílítà 1 sí 20 lítà, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ ọtí kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì ìfọlé-ìgbẹ́; èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bílíìṣì tó ti pẹ́ nínú oòrùn kò lágbára mọ́.

Àmù tí wọ́n ń mọ ní Dada, Òkèlele, ní Ìlọrin, gba ìtọ́jú tirẹ̀. Ihò wínníwínní tó ń mú omi rẹ̀ tutù náà ni bakitéríà ń sá sí. Ẹ tọ́jú omi kó tó wọ inú àmù, kí ẹ máa dà á gbẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi kànìnkànìn ha inú rẹ̀, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Kí ẹ sá kànìnkànìn náà pẹ̀lú. Èyí tó bá sùn ní tútù mọ́jú ti ń kọ́ báyófíìmù tirẹ̀.