Bí cache orí dísìkì ṣe ń dákẹ́ nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́

Fáìlì tó wà lórí sáfà ní láti gba orí nẹ́tíwọ̀kì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kà á. Bí sáfà náà bá jìn, tàbí tí àwọn tó ń lò ó bá pọ̀, kíkà á máa ń falẹ̀. Iṣẹ́ FS-Cache lórí Linux ni láti fi ẹ̀dà ohun tí a ti kà lẹ́ẹ̀kan pamọ́ sórí dísìkì kọ̀ǹpútà tó ń kà á, kó má baà di pé à ń padà lọ bá sáfà ní gbogbo ìgbà. Cache ni a ń pe irú ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò gan-an, pàápàá fún fáìlì ńláńlá tí kì í yí padà. Àmọ́ bó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kì í gbin. Fáìlì á ṣì ṣí, torí nẹ́tíwọ̀kì á gbé e wá bó ṣe ń gbé e wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù lè kọjá kí ènìyàn tó mọ̀ pé òfìfo ni fódà cache òun.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ìyára nìkan dá a lẹ́jọ́. Ọ̀nà tí dátà ń gbà ló yẹ ká tẹ̀ lé.

Orí mount, ìyẹn síso fódà sáfà (share) mọ́ kọ̀ǹpútà, la ti ń bẹ̀rẹ̀. NFS, ètò tí Linux fi ń lo fáìlì orí sáfà, kì í lo cache yìí àfi tí a bá fi fsc sínú àwọn option rẹ̀. Kíkọ ọ́ sínú /etc/fstab lásán kò tó. Kí a ṣe umount, ìyẹn ni pé ká tú share náà, ká sì tún un so. Ẹ̀rí wà nínú /proc/fs/nfsfs/volumes: lábẹ́ FSC, yes tàbí no la máa rí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan cachefilesd, pírógírámù tó ń bójú tó fódà tí ẹ̀dà ń wọ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ /var/cache/fscache. Lórí Debian, ó lè wà níbẹ̀ kó má ṣiṣẹ́ rárá, nítorí pé àmì # ṣì wà níwájú RUN=yes nínú /etc/default/cachefilesd. Filesystem (ètò tí a fi to fáìlì sórí dísìkì) tí fódà náà wà lórí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba extended attributes, ìyẹn àlàyé àfikún tí a ń so mọ́ fáìlì. Ext4 àti XFS gbà á.

Ibi tó ń dẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn mú jù ni àyè. Nínú /etc/cachefilesd.conf, brun sábà máa ń jẹ́ 10%, bcull 7%, bstop 3%. Àyè tó ṣófo lórí gbogbo filesystem náà ni iye wọ̀nyí ń wò, kì í ṣe bí cache ṣe tóbi tó. Bí àyè bá já wálẹ̀ sábẹ́ 7%, cachefilesd á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀dà tó ti pẹ́ rẹ́ títí àyè á fi ju 10% lọ. Bó bá já wálẹ̀ sábẹ́ 3%, kò ní gba ohun tuntun kankan mọ́. Nítorí náà, log tàbí backup tó kún inú /var lè dá cache dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Frun, fcull àti fstop ń ṣe bákan náà fún iye fáìlì, torí náà kí a wo df -i (fún iye fáìlì) pẹ̀lú df -h (fún àyè).

Tí gbogbo ìyẹn bá pé, ó yẹ ká dán an wò, ìdánwò ọ̀hún sì rọrùn láti ṣì ṣe. Bí a bá ka fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì tí ti ẹ̀ẹ̀kejì yá, mẹ́mọ́rì ló ṣeé ṣe kó ti wá, kì í ṣe dísìkì. Kí root (alábòójútó kọ̀ǹpútà) kọ́kọ́ ṣe sync, kó kọ 3 sínú /proc/sys/vm/drop_caches láti kó ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì kúrò, ká tó tún un kà. Nínú /proc/self/mountstats, lórí ìlà bytes ti share náà, nọ́ńbà karùn-ún ni iye tí a kà láti ọ̀dọ̀ sáfà. Bó bá ti fò sókè bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, a jẹ́ pé sáfà la ṣì ń lọ bá.

Àwọn fáìlì kan wà tí cache kì í fọwọ́ kàn. Èyí tí pírógírámù bá fi direct I/O (kíkà tàbí kíkọ tí kì í gba inú cache) ṣí, bí ọ̀pọ̀ dátábéèsì ṣe máa ń ṣe, ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Èyí tí a bá ṣí láti kọ nǹkan sí náà kì í jàǹfààní rẹ̀. Bí sáfà bá sì sọ pé fáìlì ti yí padà, ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ di aláìwúlò. Fáìlì tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kò lè jèrè níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ls -l (àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì jáde) inú fódà tó kún ló ń falẹ̀, FS-Cache kọ́ ló máa tún un ṣe, torí kì í tọ́jú orúkọ fáìlì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ dísìkì fúnra rẹ̀. Kíkà àkọ́kọ́ lè falẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé bí dátà ṣe ń wọlé ni a ń kọ ọ́ sórí dísìkì. Nẹ́tíwọ̀kì 1 Gb/s lè gbé tó nǹkan bíi 110 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dísìkì àtijọ́ tó ń yí bá wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, kò ní lè bá ìyẹn dọ́gba. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kí a yọ fsc kúrò, tàbí kí a gbé fódà cache lọ sórí SSD.