Scale effect: ìdí tí a fi ń bu funfun sí ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi kékeré

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ tó wọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ wo òkè Ọlọ́ṣunta látinú mọ́tò. Lókèèrè ṣe ló máa ń dà bí èéfín, kì í ṣe áàṣì, kì í ṣe búlúù, nǹkan kan ṣáá láàrin méjèèjì. Ẹ wá bọ́ọ́lẹ̀ ní ìdí ẹ̀, òkúta dúdú kìrìbìtì ni, tí omi òjò ti fa ìlà sí lára látòkè délẹ̀. Òkè kan náà ni o, kò sẹ́ni tó lọ kùn ún ní ọ̀dà láàrin kí mọ́tò yín tó dé. Ohun tójú yín rí yẹn gan-an ni àwa tá à ń kan ọkọ̀ ojú omi kékeré, ìyẹn àwòkọ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, ń pè ní scale effect: àwọ̀ tó bá ọkọ̀ ńlá mu, tẹ́ ẹ bá gbé e bó ṣe wà sára ọkọ̀ kékeré, á ṣókùnkùn jù.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló pa ọmọ Èkìtì pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, a ò ní òkun, a ò ní ọ̀sà, omi tó fẹ̀ jù tí mo mọ̀ nítòsí ni dáàmù Ẹ̀rò ní Ìkùn. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi jàre.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ. Mo kan NNS Aradu, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní Hamburg ní Jámánì, tó wọṣẹ́ lọ́dún 1982, Hausa lorúkọ yẹn, ààrá ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ọkọ̀ gidi yẹn gùn tó nǹkan bíi mítà 126. Mo kan tèmi ní 1/350, ìyẹn ni pé ohun tó bá jẹ́ mítà mẹ́ta àtààbọ̀ lára ti gidi, sẹ̀ǹtímítà kan ni lára tèmi, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, ó fi díẹ̀ gùn ju rúlà àwọn ọmọ iléèwé lọ. Àjákù pákó tí mo tọrọ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, páálí, wáyà tín-ín-rín tí mo tú nínú rédíò tó ti kú, ohun tí mo fi kàn án nìyẹn.

Nígbà tó wá kan ọ̀dà, bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Adó níbí tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú nefì, wọ́n ní irin kékeré kan nílé tí ọ̀dà ọkọ̀ ogun ṣì wà lára ẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó. Mo gbé irin náà lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń po ọ̀dà mọ́tò, ẹ̀gbọ́n yẹn po ó, ó pò ó, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ìka tọ́ ọ sára irin yẹn ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Mo kun ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó gbẹ, mo gbé e lọ han bàbá.

Wọ́n wò ó títí. "Ọkọ̀ yìí ti dúdú jù."

"Bàbá, ọ̀dà ara irin yín náà ni."

"Mo mọ̀. Mi ò rí i báyìí rí ni."

Lóòótọ́, ó dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Gbogbo ihò ojú fèrèsé, ìlà àárín pátákó, òjìji abẹ́ ìbọn, gbogbo ẹ̀ rì sínú òkùnkùn, ẹ ò lè rí nǹkan kan dá mọ̀.

Kí ló fà á? Èyí tí gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ sọ ni ti afẹ́fẹ́. Ká ní mo gbé ọkọ̀ mi sórí tábìlì, ojú mi wá jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 40, ní 1/350 yẹn, ó dà bí ìgbà tí mo dúró sí mítà 140 sí ọkọ̀ gidi. Ní mítà 140, eruku àti ọ̀rinrin wà láàrin èmi àti ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á máa kọlu àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, á fọ́n ká, díẹ̀ nínú ẹ̀ á wọ ojú mi pẹ̀lú àwọ̀ ọkọ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ máa ń fọ́n búlúù ká ju pupa lọ, Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1871, ìyẹn ló jẹ́ kí òkè tó jìnnà máa fara jọ búlúù. Àmọ́ láàrin ojú mi àti ọkọ̀ orí tábìlì, sẹ̀ǹtímítà 40 péré ni afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, kò lè fọ́n ohunkóhun. Torí náà àwa la máa fi ọwọ́ wa bu afẹ́fẹ́ yẹn sínú ọ̀dà.

Ẹ tún kíyè sí i pé àwọ̀ tó ṣókùnkùn ló máa ń yí jù. Ẹ da mílíìkì ṣíbí kan sínú tíì dúdú, gbogbo ẹ̀ á yí lójú ẹsẹ̀. Ẹ da ṣíbí kan náà sínú ògì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ fi nǹkan sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká yẹn ṣe ń ṣe dúdú àti funfun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé afẹ́fẹ́ nìkan ni o. Ní mítà 140, lọ́jọ́ tójú ọ̀run mọ́, tí kì í ṣe àkókò ọyẹ́, kí ni afẹ́fẹ́ fẹ́ fi ṣe ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn? Lójú tèmi ìmọ́lẹ̀ ló jẹ̀bi jù. Ọkọ̀ gidi, abẹ́ oòrùn ló wà, oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), ọ̀pọ̀ yàrá wa kì í tó 500, kódà tí NEPA bá tiẹ̀ mú iná wá. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé àwọ̀ kan náà, tó bá fẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i lójú, tó bá kéré á ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ti kun ilé rí mọ ohun tí mò ń wí, ẹ mú àwọ̀ nínú káàdì kékeré yẹn, pẹ́ńtà kun ògiri tán, ìyàwó ní èyí kọ́ la mú, èyí ti mọ́lẹ̀ jù.

Èló wá ni kéèyàn fi sí i? Àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé, funfun bíi ìdá 10 nínú 100 fún 1/48, 15 fún 1/72, 23 fún 1/144. Tẹ́ ẹ bá fi ojú yẹn bá a lọ dé 1/350 tàbí 1/700, ọkọ̀ yín á funfun bíi pé ẹ da èlùbọ́ lé e. Èmi, sírínjì kẹ́mísì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ̀kán mẹ́wàá áàṣì, ẹ̀kán méjì funfun, mo pò ó, mo kun ún sí ẹ̀yìn ṣíbí rọ́bà, mo gbé ṣíbí náà síbi tí ọkọ̀ máa gbé gan-an, lábẹ́ iná tó máa wà. Kì í ṣe lójú fèrèsé, torí ibi tó bá máa jókòó sí ló máa dájọ́.

Ewu wà nínú funfun ṣá o. Abẹ́ ọkọ̀ máa ń pupa, torí ọ̀dà tó ní èròjà bàbà nínú ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, kí àwọn ẹ̀dá oníkarawun kéékèèké má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá bu funfun sí pupa yẹn, píǹkì lẹ máa rí, ọkọ̀ ogun á dà bí kéèkì ọjọ́ ìbí. Kíríìmù tàbí àwọ̀ ọsàn díẹ̀ ló máa ń ràn án lọ́wọ́ láìsọ ọ́ di píǹkì. Dúdú, ẹ má lo dúdú gidi rárá, áàṣì tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ lò, ilé iṣẹ́ Tamiya ń ta ọ̀kan tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ XF-69. Funfun náà, ẹ kán áàṣì ẹyọ kan sí i kó má máa ta sójú.

Ó tún ku fáníṣì. Ẹ rántí Ọlọ́ṣunta, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á dúdú, á máa dán, tí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ á padà sí áàṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà. Fáníṣì tó ń dán máa ń jẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀, èyí tí kì í dán máa ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí náà ẹ fi fáníṣì kun ṣíbí yẹn pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó pinnu iye funfun tẹ́ ẹ máa fi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa tan ara yín jẹ. Ọkọ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 36 tó wá ń dán bíi mọ́tò ìyàwó, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ má sì fọ́n fáníṣì lọ́jọ́ tí òjò bá ń ṣú, mo ṣe é ní July, ọ̀rinrin há sínú ẹ̀, apá ibì kan funfun bí ara tí wọn ò fi ìpara pa. Mo fi pépà họ ọ́, mo tún un kùn.

Nígbà tí mo tún gbé e lọ, bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jáde sí fàráńdà, wọ́n na apá wọn dáadáa, wọ́n di ojú kan.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òun nìyí."

Wọ́n wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wo iwájú ẹ̀ lápá òsì, wọ́n wo ọ̀tún.

"F89 ẹ̀ dà?"

Mo ti gbàgbé láti kọ nọ́ńbà sí i.